Ta Ni Yóò Dáhùn? Orúkọ àti Àmì Iléeṣẹ́ Ẹlẹ́ka Púpọ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba, Kúta, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

  

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí orúkọ àti àmì ìdánimọ̀ iléeṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, àkókò wa kò sì tó nǹkan, nítorí náà ìbéèrè kan ṣoṣo ni n óò gbé síwájú yín. Bí ẹnì kan, tàbí ẹbí kan, tàbí ìjọba, bá ní iléeṣẹ́ tó ní ẹ̀ka mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́wàá, orúkọ ta ni ó yẹ kí oníbàárà máa rí? Ṣé ti iléeṣẹ́ àgbà ni, àbí ti ẹ̀ka? Bó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni, èwo ni yóò síwájú, èwo ni yóò tẹ̀lé e?

N kò ní fi ìdáhùn mi pa mọ́ di ìparí. Ohun tí mo gbàgbọ́ ni pé ẹni tí yóò dáhùn nígbà tí ọjà bá bàjẹ́ ni kí àmì rẹ̀ wà níwájú. Gbogbo ohun tí n óò sọ lẹ́yìn èyí, ẹ̀rí ni mo ń kó jọ fún gbólóhùn yẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó Èkó nìkan ni. Ẹ wo ojú ọ̀nà láti Ìwó dé ibí. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bulọ́ọ̀kù mímọ. Owó rọ̀ ọ́ lọ́wọ́ díẹ̀, ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi inú ọ̀rá. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, wọ́n dá ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀. Ọmọ wọn ń yá àga àti àtíbàbà fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Orúkọ bàbá ni wọ́n kọ sára gbogbo rẹ̀, láti ara bulọ́ọ̀kù dé ara aṣọ ọmọ iléèwé. Ẹbí yẹn ti di iléeṣẹ́ ẹlẹ́ka púpọ̀. Ohun tó kù ni pé kò sẹ́ni tó tíì jókòó ronú bí orúkọ wọn yóò ṣe tò.

Ìpele kìíní: Ohun tí à ń sọ gan-an

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń wí kí á má bàa máa bá ara wa jiyàn lásán.

Orúkọ ọjà kì í ṣe lẹ́tà tí a kọ sára páálí. Orúkọ ọjà ni ohun tí oníbàárà ń retí bó bá ti gbọ́ orúkọ náà. Bí ẹ bá rán ọmọ ní Maggi, ó ní ohun tí ẹ ti ń retí kí ó tó dé. Ìretí yẹn ni òwò dúró lé, ọwọ́ ẹni tó ń rà ló sì wà, kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà.

Àmì ni ohun tí ojú fi ń dá orúkọ náà mọ̀, yálà àwòrán ni, yálà lẹ́tà tí a kọ lọ́nà kan pàtó, yálà àwọ̀. Àmì gbọ́dọ̀ rí bákan náà níbi gbogbo. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kà gbọ́dọ̀ lè nawọ́ sí i lórí àtẹ pé èyí ni mo fẹ́. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ẹ̀ka ńkọ́? Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tó ń ta ohun kan náà ní Kúta, ní Ìwó àti ní Òṣogbo kò ní ẹ̀ka mẹ́ta ní ìtumọ̀ tí mò ń lò. Òwò kan náà ló ń ṣe níbi mẹ́ta. Ẹ̀ka tòótọ́ ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ìwé ìṣirò tirẹ̀, àti oníbàárà tí kò fi dandan jẹ́ oníbàárà ẹ̀ka kejì. Omi àti ilé-ìwé jẹ́ ẹ̀ka méjì lábẹ́ bàbá kan.

Ètò orúkọ wá ni ìpinnu tí iléeṣẹ́ ṣe, tó sì kọ sílẹ̀, nípa ẹni tí yóò máa jẹ́ kí ni. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù láyé. Àwọn kan fi orúkọ kan bo gbogbo ilé. Àwọn kan fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, iléeṣẹ́ àgbà sì fara pa mọ́. Àwọn kan wà láàárín, ẹ̀ka ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀, àgbà sì dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.

Nílùú yìí, ètò báyìí kò ṣàjèjì. Òwu wà ní Kúta, Òwu wà ní Abẹ́òkúta, Òrílé-Òwu náà sì wà. Olówu ni ọba ń jẹ́ níbi kọ̀ọ̀kan wọn. Orúkọ Òwu ń sọ ibi tí a ti ṣẹ̀ wá, orúkọ ìlú tó tẹ̀lé e ń sọ ààfin tí a ó gbé ẹjọ́ lọ. Bí àwọn méjì bá ń jà sí ilẹ̀ ní Kúta níbí, kò sí ẹni tí yóò wọ mọ́tò lọ sí ààfin Olówu ní Abẹ́òkúta kó lọ máa ṣàlàyé. Gbogbo wa mọ ẹni tí yóò dáhùn. Ohun tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kò ju pé kí oníbàárà náà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìpele kejì: Orúkọ kan fún gbogbo ilé

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ló máa ń wu ènìyàn jù, nítorí ó ń dín ìnáwó kù. Orúkọ kan ni a ó polówó, gbogbo ẹ̀ka ni yóò jèrè rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó dára wà ní ìpínlẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 2006, ọgbà mẹ́fà ni wọ́n pín in sí. Òṣogbo ni olú ilé, wọ́n gbé iṣẹ́ àgbẹ̀ sí Èjìgbò nítòsí wa níbí, wọ́n gbé ìmọ̀ èdè àti àṣà sí Ìkirè, ìmọ̀ òfin sí Ìfẹ́tẹ̀dó, ẹ̀kọ́ olùkọ́ni sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ìmọ̀ ìṣàkóso sí Òkukù. Wọn ì bá ti pe ti Èjìgbò ní orúkọ kan, kí wọ́n pe ti Ìfẹ́tẹ̀dó ní òmíràn. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí gbogbo wọn. Bí agbanisíṣẹ́ kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé-ẹ̀rí ọmọ kan jẹ́ òótọ́, ibì kan ni yóò kọ̀wé sí. Ẹni tí yóò dáhùn jẹ́ ẹyọ kan, àmì náà jẹ́ ẹyọ kan.

Bákan náà ni ti GTBank. Àpótí aláwọ̀ ọsàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni wọ́n gbé wọ ilé tuntun nígbà tí báńkì náà di ọ̀kan lára àwọn ọmọ Guaranty Trust Holding Company ní 2021. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì àti èyí tó ń bá ènìyàn fi owó ṣòwò, àwọ̀ ọsàn kan náà ni. Ẹni tó bá fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ síbẹ̀, báńkì tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé, iléeṣẹ́ náà sì gbà kí ó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní ewu. Bí orúkọ kan bá bo gbogbo ilé, ẹ kò lè ta yàrá kan láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ orúkọ dìde. Ẹ wo Dangote Flour Mills. Ní 2012, Tiger Brands ti South Africa ra èyí tó pọ̀ jù nínú iléeṣẹ́ ìyẹ̀fun náà. Nígbà tó yá, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Tiger Branded Consumer Goods. Òwò kò dára fún wọn, ní ìparí 2015 wọ́n dá a padà fún Dangote ní dọ́là kan péré, orúkọ sì tún padà sí Dangote. Ní 2019, Olam rà á. Láàárín ọdún méje, iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ti bọ́ sọ́wọ́ olówó mẹ́ta. Oníbúrẹ́dì tó ń ra ìyẹ̀fun kò yé e mọ́ ẹni tí yóò pè bí ìyẹ̀fun kò bá wú. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ẹni tó ra ilé kò fi bẹ́ẹ̀ ra orúkọ bàbá onílé. Kí ẹ tó fi orúkọ ara yín bo ẹ̀ka kan, ẹ bi ara yín bóyá ẹ óò fẹ́ tà á lọ́jọ́ kan.

Mo padà sí ẹbí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí orúkọ bàbá bá wà lára omi àti lára ilé-ìwé, tí ọmọ kan bá sì ní inú ń run òun lẹ́yìn tó mu omi ọ̀hún, ilé-ìwé ni àwọn òbí yóò kọ́kọ́ yọ ọmọ wọn kúrò. Olùkọ́ kò mọ nǹkan kan nípa omi. Síbẹ̀ òun ni yóò máa dáhùn.

Ìpele kẹta: Ọjà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀

Kò sí ẹni tó ti wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó rí tí kò mọ Gala. Bí mọ́tò bá ti rọra, àwọn ọmọ yóò sáré tẹ̀ lé e, Gala lọ́wọ́ kan, ohun mímu tútù lọ́wọ́ kejì. Láti 1962 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ bi àwọn tó ń jẹ ẹ́ pé ta ló ni ín, díẹ̀ nínú wọn ni yóò sọ pé UAC ni. UAC yìí kì í ṣe kékeré: ìdàpọ̀ iléeṣẹ́ òyìnbó méjì ló bí i ní 1929, ó sì ti ní ilé ìtajà ńláńlá Kingsway, ó dá ilé oúnjẹ Mr Bigg's sílẹ̀ ní 1986, ọ̀dà Dulux náà ti wà lábẹ́ rẹ̀ nípasẹ̀ iléeṣẹ́ CAP. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ UAC lójú oníbàárà. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kun ilé kò fẹ́ kí ọ̀dà rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá ohun tó ń jẹ.

Unilever náà ń rìn lójú ọ̀nà yìí. Láti 1923 ni wọ́n ti wà ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí Lever Brothers. Ọṣẹ ní orúkọ tirẹ̀, ọṣẹ ìfọṣọ ní tirẹ̀, ohun ìsebẹ̀ ní tirẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà kéde ní oṣù Kẹta 2023 pé àwọn kò ní ṣe Omo, Sunlight àti Lux mọ́ níbí, inú àwọn tó ń fọṣọ bàjẹ́, àmọ́ ẹni tó ń fi Knorr sebẹ̀ kò gbọ̀n. Orúkọ ọ̀kan kò wọ́ orúkọ èkejì lulẹ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ràn àríyànjiyàn á ti máa sọ nínú yín pé ọ̀nà yìí ta ko ohun tí mo wí, nítorí iléeṣẹ́ àgbà ló ni owó, òun náà ló yẹ kí ó dáhùn. Rárá o. Ẹ yí páálí Unilever èyíkéyìí padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ óò rí lẹ́tà U kan tí wọ́n fi àwòrán kéékèèké 25 hun pọ̀: ewé wà níbẹ̀, ẹyẹ wà níbẹ̀, oyin wà níbẹ̀. Láti 2004 ni wọ́n ti gbé e jáde. Wọ́n rí i pé fífara pa mọ́ pátápátá kò dára tó, pé ẹni tí ọjà bá já kulẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ilé tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Iwájú jẹ́ ti ẹni tí oníbàárà mọ̀, ẹ̀yìn jẹ́ ti ẹni tó dúró tì í.

Ìpele kẹrin: Odù'a àti Wema, ohun tó kàn wá jù

Ẹ jẹ́ kí n dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí ohun ìní yín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976, ìjọba pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ògùn, Òndó àti Ọ̀yọ́. A kò lè gé òtẹ́ẹ̀lì sí mẹ́ta, a kò lè gé Cocoa House sí mẹ́ta. Nítorí náà wọ́n dá iléeṣẹ́ Odù'a Investment sílẹ̀ lọ́dún kan náà kí ó máa bójú tó ohun tí baba fi sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Nígbà tí Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, ọdún 1991, ìpín tiwa wà níbẹ̀. Èkìtì dara pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1996, Èkó náà sì ti wọlé lẹ́yìn náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ Kúta, nípasẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ọwọ́ nínú Cocoa House, ilé gíga tó wà ní Dùgbẹ̀ yẹn, tí wọ́n parí ní 1965, tí iná jó ní 1985, tí wọ́n sì tún ṣe.

Ẹ wá wo bí orúkọ ṣe tò. Òtẹ́ẹ̀lì Premier lórí òkè Mọ́kọ́lá ń jẹ́ Premier. Òtẹ́ẹ̀lì Lafia ń jẹ́ Lafia. Lagos Airport Hotel ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀ ní Ìkẹjà. Wemabod tó ń kọ́ ilé tó sì ń yá ilé, Wemabod ni. Glanvill Enthoven tó ń ṣe alágbàtà ìbánigbófò, orúkọ òyìnbó tó bá wá ló ṣì ń jẹ́. Ẹni tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, tí ẹ̀rọ amúlétutù kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ni yóò pè. Kò ní kọ̀wé sí gómìnà mẹ́fà. Nítorí náà ó tọ́ kí orúkọ òtẹ́ẹ̀lì wà níwájú.

Ṣùgbọ́n níbí ni mo ti fẹ́ fi nǹkan kan kún ohun tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Irú ènìyàn méjì ló ń wo àmì iléeṣẹ́: ẹni tó ń rà, àti ẹni tó ni ín. Ẹni tó ń rà fẹ́ mọ ẹni tí yóò dá òun lóhùn. Ẹni tó ni ín fẹ́ mọ ibi tí ohun ìní òun wà. Bí orúkọ Odù'a kò bá hàn dáadáa lára ilé wọ̀nyí, ọmọ Ọ̀ṣun tó gba iwájú wọn kọjá kò ní mọ̀ pé tòun ni, kò sì ní bèèrè bó ṣe ń lọ sí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè, ìtọ́jú rẹ̀ máa ń dẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé kò yẹ kí iléeṣẹ́ gbogbogbòò kankan fara pa mọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀ka rẹ̀. Kí ẹ̀ka síwájú, kí àgbà tẹ̀lé e pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré ṣùgbọ́n tí ojú lè kà láti ẹnu ọ̀nà.

Ìtàn Wema tún fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ní 1945, Olóyè Mathew Adekoya Okupe dá báńkì kan sílẹ̀, ó pè é ní Àgbọ́nmágbẹ. Ní 1969, bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn gbà á, báńkì náà sì di Wema. Láti inú orúkọ bọ́ọ̀dù náà ni wọ́n ti gé Wema jáde, ibẹ̀ náà ni Wemabod ti wá. Lọ́jọ́ yẹn, àgbẹ̀ tó bá gbọ́ Wema mọ bàbá rẹ̀. Nígbà tó di 1986, Nàìjíríà fòpin sí irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ pátápátá. Bàbá kú, ọmọ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tó bàjẹ́, nítorí báńkì náà ti lè dá dúró kí ó dá oníbàárà lóhùn fúnra rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún 2017, Wema yìí kan náà gbé ALAT jáde, báńkì orí fóònù tí ènìyàn lè ṣí àkáǹtì sí láì wọ ilé báńkì kankan. Wọn ì bá pè é ní Wema lásán, àwọn ọ̀dọ́ ì bá sì rò pé báńkì àwọn bàbá wọn ni. Wọn ì bá pè é ní ALAT nìkan, ìyá yín ì bá sì ní òun kò lè fi owó òun sínú ohun tí òun kò mọ ìdílé rẹ̀. Wọ́n fi ALAT síwájú, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé ọwọ́ Wema ló ti wá. Ìwé àṣẹ Báńkì Àpapọ̀ wà lọ́wọ́ Wema. Bí owó bá sọnù, Wema ni yóò dáhùn, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi wà lójú kan náà pẹ̀lú ti ALAT. Bí mo bá fẹ́ fi ètò orúkọ tó tò dáadáa han akẹ́kọ̀ọ́, èyí ni mo máa ń lò.

Ìpele karùn-ún: Bí orúkọ bá fẹ́ yí padà

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. First Bank ti jẹ́ orúkọ bíi mẹ́rin, márùn-ún láti 1894 tó ti ń jẹ́ Bank of British West Africa títí di 1979 tó di First Bank of Nigeria. Erin tó ń lò fún àmì ló jẹ́ kí àwọn bàbá wa tí kò kàwé máa bá a bọ̀. Àwọn tó ra láìnì Econet ní 2001 ti rí Vmobile, Celtel, Zain, kí ó tó di Airtel ní 2010. Nọ́ńbà 0802 wọn kò yí padà, ìyẹn ló mú wọn dúró. Nígbà tí Access àti Diamond di ọ̀kan ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin, ọdún 2019, orúkọ Access ló borí, àmì dáyámọ́ńdì ti ẹnì kejì ni wọ́n sì mú. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, kí oníbàárà Diamond lè wo ara ògiri kí ó rí i pé ẹni tí òun fi owó sí lọ́wọ́ kò tíì sá lọ.

Ìpínlẹ̀ wa náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. A ti rí State of Osun lára ìwé ìjọba àti pátákó, a sì tún rí i tí Gómìnà Adélékè dá a padà sí Osun State ní ọjọ́ 27, oṣù Kọkànlá, ọdún 2022 tó gba ọ̀pá àṣẹ. Kì í ṣe òṣèlú ni mo bá wá. Gbogbo ìgbà tí orúkọ bá yí, ẹnì kan ló ń san owó pátákó tuntun àti ìwé tuntun. Kí ẹni tó fẹ́ yí i padà kọ́kọ́ ṣírò iye tó jẹ́, kó sì sọ ohun kan tí kò ní yí padà tí ojú àwọn ènìyàn yóò fi máa tọ ọ́.

Ìpele kẹfà: Àmì lọ́wọ́ áátíìsì àti lára ọ̀rá

Ibi tí ètò orúkọ ti máa ń bàjẹ́ gan-an kì í ṣe ọ́fíìsì. Ìta ni.

Ẹ mú ọ̀rá omi kan dání. Wọ́n sábà máa ń fi àwọ̀ kan tẹ̀ ẹ́, búlúù nígbà púpọ̀. Rọ́bà tí wọ́n gbẹ́ àmì sí ni yóò fi yíǹkì kan ọ̀rá bó ṣe ń sáré kọjá. Bí àmì yín bá ní ìlà tín-ín-rín, yíǹkì yóò dí i. Bí ó bá ní àwọ̀ mẹ́rin, mẹ́ta yóò sọnù. Bí a bá kọ orúkọ ẹ̀ka sínú òbìrìkìtì kékeré lábẹ́ orúkọ àgbà, kò ní sí lẹ́tà kankan níbẹ̀ mọ́, ojú dúdú kan ni yóò kù. Ẹni tó rà á kò ní lè ka orúkọ ẹni tó ṣe é. Gbogbo ohun tí a ti ń sọ láti àárọ̀ nípa ẹni tí yóò dáhùn ti bọ́ sínú omi.

Ẹ tún wo ara ògiri. Áátíìsì àkọ́kọ́ wo káàdì kékeré, ó ya àmì náà sí ògiri Ìwó. Áátíìsì kejì wo ògiri Ìwó, ó ya ti Kúta. Ẹnì kẹta fi fóònù ya fọ́tò ti Kúta, ó fẹ̀ ẹ́ sára báńà. Ọ̀pẹ tó wà lára àmì àkọ́kọ́ ní imọ̀ márùn-ún. Ti báńà ní mẹ́jọ, ó sì ti tẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi nínú wọn. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ni kò fún wọn ní ohun tí wọn yóò máa wò.

Ohun tó yẹ kí iléeṣẹ́ ní, tó bá kéré ju èyí lọ, kò tíì ní àmì: fáìlì kan tí a lè fẹ̀ tàbí sún kì tí kò ní dàrú, tí ẹni tó ya àmì náà fi lé e lọ́wọ́ nínú kọ̀ǹpútà; àmì náà ní àwọ̀ kíkún, ní dúdú nìkan, àti ní funfun lórí ilẹ̀ dúdú; orúkọ àwọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí atẹ̀wé ṣe ń pè é, nítorí búlúù pọ̀ láyé; ìwọ̀n tó kéré jù tí a lè tẹ̀ ẹ́ sí; àti àyè tí ohunkóhun kò gbọdọ̀ wọ̀ yí i ká. Lẹ́yìn náà, ojú ìwé kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tó fi hàn bí orúkọ ẹ̀ka àti ti àgbà ṣe jókòó sí ara wọn. Ojú ìwé mẹ́rin tó fún oníbulọ́ọ̀kù tó ní ilé-ìwé. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ atẹ̀wé yín, ọ̀kan sọ́dọ̀ áátíìsì.

Mo bẹ ẹ̀yin áátíìsì tó wà níbí pẹ̀lú: bí oníbàárà bá ní kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè kún pátákó, ẹ kọ̀. Ẹ fi ilẹ̀ tó ṣófo sílẹ̀. Ojú máa ń rí ohun tí àyè yí ká kíákíá ju ohun tó há lọ.

Ìpele keje: Ìwé tó ń sọ ẹni tó ni ín

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí a bá ti forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àmì wa ti di tiwa. Kò rí bẹ́ẹ̀. CAC forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Kò dáàbò bo àmì ọjà. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára omi náà kò dáàbò bò ó. Iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn ló ń ṣe ìyẹn lábẹ́ òfin àmì òwò ti 1965, Àbújá ni ìwé rẹ̀ wà.

Ẹgbẹ́ 45 ni wọ́n pín ọjà àti iṣẹ́ sí, àmì tí ẹ bá sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan kò dáàbò bò yín ní òmíràn. Bulọ́ọ̀kù wà ní ẹgbẹ́ 19, búrẹ́dì ní 30, omi ní 32, ilé-ìwé ní 41, òtẹ́ẹ̀lì ní 43. Ẹbí wa tó fi orúkọ kan bo bulọ́ọ̀kù, omi àti ilé-ìwé yóò san owó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyẹn nìkan tó láti mú ènìyàn ronú dáadáa kí ó tó pinnu ètò orúkọ rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ń lò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún 14 sí 14 ni a ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ kọ ọjọ́ náà sí ibi tí ọmọ yín yóò ti rí i, nítorí àwọn kan ti kú kí ọdún 14 tó pé.

Ìbéèrè kan sì wà tí agbẹjọ́rò yóò bi yín kó tó mú ìwé lọ sí Àbújá: orúkọ ta ni kí wọ́n kọ sí àyè ẹni tó ni àmì? Bí ẹ bá kọ orúkọ bàbá, ọjọ́ tí bàbá bá lọ, àwọn ọmọ mẹ́rin lè máa lo àmì kan náà sórí omi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó ń mu ún kò sì ní mọ èyí tí yóò bá wí. Ẹ kọ orúkọ iléeṣẹ́ àgbà. Kí iléeṣẹ́ àgbà wá fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìwé àṣẹ láti lò ó, kí ìwé náà sọ ohun tí ẹ̀ka gbọ́dọ̀ ṣe kí omi máa mọ́, kí bulọ́ọ̀kù máa le, kí ó sì sọ ọjọ́ tí àgbà lè gba àmì rẹ̀ padà bí ẹ̀ka kò bá ṣe é. Ìwé yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ ní lọ́wọ́ kí áátíìsì tó gbé búrọ́ọ̀ṣì.